CHEIKH ANTA DIOP: Ọ̀MỌ̀WÉ TÓ SO SÁYẸ́ǸSÌ MỌ́ ÌTÀN ÀTI ÈDÈ ABÍNIBÍ

Ọdún Iṣu tún dé, ó bá wa láyé. Ẹni tó jẹ iṣu èṣí tó tún jẹ ti ọdún yìí, ó yẹ kó dúpẹ́.

Nínú ìwé ìrántí ọdún, ó jẹ́ àṣà pé kí á sọ ìtàn ẹni ńlá kan tó ti kọjá lọ, kí àwọn ọmọ wa lè rí àpẹẹrẹ wò. Lọ́tẹ̀ yìí, mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà pé kí n sọ ìtàn ọmọ ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gàl kan. Kì í ṣe ọmọ Ifẹ̀, kì í sì í ṣe èdè wa ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe kan àwa tí a wà ní Nangbéto yìí gbọ̀ngbọ̀n.

Ohun tó mú mi kọ ọ́

Olùkọ́ líísè ni mí. Lẹ́yìn tí ọmọ bá gba BEPC, a ó ní kó yan ọ̀nà. Àwọn kan á gba ọ̀nà A, ti èdè, ìtàn àti fílọ́sọ́fì. Àwọn mìíràn á gba ọ̀nà C tàbí D, ti ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Láti ọjọ́ náà lọ, wọ́n á máa wo ara wọn bí ará ìlú méjì tí odò là láàárín. Ọmọ D á gbà pé ẹni tí ìṣirò bá lé ló ń kọ́ ìtàn. Ọmọ A á máa yọ̀ pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣirò títí ayé. Àwa òbí náà ń dá kún un. Bí ọmọ bá mọ ìṣirò, a kì í fẹ́ kó fi ìrọ̀lẹ́ jókòó ti bàbá àgbà tó ń pìtàn. A ó ní kó lọ kàwé, bẹ́ẹ̀ ìwé ni bàbá àgbà náà.

Àwa tí a ń gbé létí odò Mono mọ ohun tí ìyapa yìí lè fà. Láàárín ọdún 1984 sí 1987 ni wọ́n kọ́ ìsédò ńlá tí gbogbo wa ń pè ní bàráàjì. Àwọn ẹnjinníà wọn ìṣàn odò, wọ́n wọn gíga ilẹ̀, wọ́n ṣírò iye omi tí yóò pé jọ. Iná mànàmáná tó tó mégáwáàtì 65 ni wọ́n ṣètò kí ẹ̀rọ méjì inú rẹ̀ máa mú jáde, kí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ máa lò ó. Iṣẹ́ ńlá ni, iṣẹ́ ọpọlọ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ló kó kúrò nílé nítorí omi náà. Ilẹ̀ tí omi bò kì í ṣe ilẹ̀ lásán: wọ́n ti bímọ síbẹ̀, wọ́n sì ti sin òkú síbẹ̀. Ẹ̀rọ ìwọ̀n omi lè sọ ibi tí omi yóò dé. Kò lè sọ ìdí tí abúlé kan fi wà níbi tó wà, tàbí ẹni tó kọ́kọ́ dá iná síbẹ̀, tàbí igi tí àwọn baba ń kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Àgbà ló lè sọ ìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni àgbà kò lè fi ìtàn nìkan sé odò Mono. Ìlú nílò ìmọ̀ méjèèjì. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí kó méjèèjì sínú ara kan ṣoṣo.

Ìbí rẹ̀ àti ẹ̀kọ́ rẹ̀

Ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1923 ni wọ́n bí Cheikh Anta Diop ní abúlé Thieytou, ní agbègbè Diourbel, ní Sẹ̀nẹ̀gàl. Wolof ni èdè ìyá rẹ̀. Àárín àwọn Mùsùlùmí tí à ń pè ní Mouride ló dàgbà sí. Ilé kéwú ló kọ́kọ́ lọ, kí wọ́n tó fi í sí ilé ìwé Faransé ní Diourbel. Lẹ́yìn náà ló lọ sí líísè ní Dakar àti ní Saint-Louis.

Ní ọdún 1945, ó ṣe ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ́dọọdún. Bac méjì ló gbà lọ́dún kan náà: ọ̀kan nínú ìṣirò, ọ̀kan nínú fílọ́sọ́fì. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ṣe ìdánwò bac rí mọ bí ọ̀kan ṣe ń gba oorun lójú ènìyàn. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ó kàn kọ̀ láti fi ọ̀kan sílẹ̀ nítorí èkejì ni.

Ní 1946 ó wọkọ̀ lọ sí Párìsì. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà ni pé kó di ẹnjinníà tó ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣirò gíga, ṣùgbọ́n ó tún forúkọ sílẹ̀ fún fílọ́sọ́fì ní Sorbonne, ó sì gba oyè àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ní 1948. Lẹ́yìn ìyẹn ló padà sídìí sáyẹ́ǹsì, ó gba ìwé ẹ̀rí méjì nínú kẹ́mísìrì ní 1950. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá rẹ̀ nínú fílọ́sọ́fì ni Gaston Bachelard, ẹni tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní físíìsì àti kẹ́mísìrì kó tó di ọ̀gá fílọ́sọ́fì. Nítorí náà, Diop rí i lójú ara rẹ̀ pé ẹnìkan lè gbé ẹrù méjèèjì láìwó lulẹ̀.

Ìbéèrè tí kò jẹ́ kó sùn

Ní àsìkò yẹn, púpọ̀ nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ Áfíríkà sọ pé kò sí ìtàn kankan nílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú kí Òyìnbó tó dé. Bí wọ́n bá rí iṣẹ́ ọnà tó dára jù, wọ́n á wá baba mìíràn fún un. Àwa ọmọ Ifẹ̀ mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, torí ó ṣẹlẹ̀ sí orísun wa gan-an. Ní 1910, ọmọ ilẹ̀ Jámánì kan, Leo Frobenius, dé Ilé-Ifẹ̀. Ó rí orí amọ̀ àti orí idẹ tí àwọn baba wa ṣe, ẹwà wọn yà á lẹ́nu. Kàkà kó gbà pé àwọn ará ibẹ̀ ló ṣe wọ́n, ó gbà pé iṣẹ́ àwọn ará Atlantis ni, ìyẹn erékùṣù inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní òkun gbé mì. Ní 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ láti kọ́lé ní agboolé Wúnmọníjẹ, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, ọ̀pọ̀ orí idẹ mìíràn tún jáde. Lẹ́yìn náà, àwọn awalẹ̀pìtàn àti àwọn onísáyẹ́ǹsì pa ọwọ́ pọ̀, wọ́n sì rí i pé láàárín ọdún 1100 sí 1500 ni iṣẹ́ ọnà Ifẹ̀ wọ̀nyí wáyé, nígbà tí Òyìnbó kankan kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Ilé-Ifẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ìṣirò wá jẹ́rìí sí.

Irú ìyà ìmọ̀ báyìí ló ń dun Cheikh Anta Diop. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tí àwọn ènìyàn dúdú ti ṣẹ̀, ó sì béèrè ipa tí wọ́n kó nínú ọ̀làjú Íjíbítì àtijọ́. Ó kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé àwòrán àwọn ará Íjíbítì. Ó kó ọ̀rọ̀ Wolof jọ, ó fi wọ́n wé ọ̀rọ̀ Íjíbítì àtijọ́. Ní 1954, ilé ìtẹ̀wé Présence Africaine ní Párìsì gbé ìwé rẹ̀ jáde, Nations nègres et culture. Ó sọ nínú rẹ̀ pé ènìyàn dúdú ni àwọn ará Íjíbítì ìgbàanì, àti pé ìlú náà jẹ́ ara Áfíríkà bí orí ṣe jẹ́ ara ọrùn. Ó mẹ́nu ba àwa Yorùbá náà, torí ó ti ka ìwé tí Olumide Lucas kọ lórí ẹ̀sìn Yorùbá, níbi tí Lucas ti fi àwọn òrìṣà wa wé ti Íjíbítì.

Mo gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ fún yín: ọ̀pọ̀ onímọ̀ ni kò gba gbogbo ohun tó sọ nípa ìbátan èdè àti ìrìn àwọn ènìyàn, títí kan ti Yorùbá. Ìtàn tiwa fúnra wa sọ pé Ilé-Ifẹ̀ ni a ti wá, ìyẹn sì tó wa. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ń bá Diop jiyàn lónìí, ó gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá. Kò tún lè sọ pé a kò ní ìtàn kó sì lọ sùn.

Ilé iṣẹ́ átọ́ọ̀mù àti ìwé ìtàn

Ní ọdún wọ̀nyẹn kan náà, Diop ń kọ́ àwọn ọmọ líísè ní físíìsì àti kẹ́mísìrì ní Párìsì kó lè rí owó gbọ́ bùkátà. Ó ti fẹ́ ìyàwó ní 1953, Louise Marie Maes, obìnrin ilẹ̀ Faransé tí òun náà jẹ́ onímọ̀ ìtàn, wọ́n sì bí ọmọkùnrin mẹ́rin. Ó tún ń kọ́ ìmọ̀ inú átọ́ọ̀mù ní ilé ìwádìí tí Frédéric Joliot-Curie jẹ́ ọ̀gá rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn gbajúmọ̀ jùlọ lágbàáyé nídìí iṣẹ́ náà.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1960, ó dúró níwájú ìgbìmọ̀ olùdánwò ní Sorbonne láti gba oyè dókítà nínú ìmọ̀ ìtàn àti àṣà. Wọ́n fún un ní oyè náà, ṣùgbọ́n máàkì tí wọ́n fi sí i jẹ́ èyí tó kéré. Máàkì yẹn ló di ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn náà: kò lè kọ́ ọmọ ní yunifásítì ìlú rẹ̀ fún ọdún tó lé ní ogún. Ẹlòmíràn ì bá jókòó sí Párìsì, torí iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún un. Ọdún yẹn gan-an ló palẹ̀ mọ́ wálé.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí tó ń jẹ́ IFAN ní Dakar ló gbà á. Théodore Monod, onímọ̀ aṣálẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ nígbà náà, tì í lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni Diop ti kọ́ ilé ìwádìí kan tó parí ní 1966. Iṣẹ́ ilé náà ni láti mọ ọjọ́ orí ohun àtijọ́ nípasẹ̀ kábọ́ọ̀nù 14.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ yìí díẹ̀, torí àárín rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi wà. Gbogbo ohun tó ń mí, igi, iṣu, ẹran, ènìyàn, ló ní kábọ́ọ̀nù nínú. Ewé ń fà á láti inú afẹ́fẹ́, ẹran ń jẹ ewé, àwa náà ń jẹ méjèèjì. Díẹ̀ kíún nínú kábọ́ọ̀nù yìí jẹ́ irú kan tí kì í dúró pẹ́, èyí tí ìtànṣán láti ojú ọ̀run ń dá sílẹ̀. Òun ni kábọ́ọ̀nù 14. Níwọ̀n ìgbà tí igi bá wà láàyè, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń wọlé dọ́gba. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé igi náà lulẹ̀, kò sí èyí tó ń wọlé mọ́. Ohun tó kù bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 5,730, ìdajì ló kù. Lẹ́yìn irú ọdún bẹ́ẹ̀ mìíràn, ìdajì ìdajì náà, ìyẹn ìdámẹ́rin, ló kù.

Ẹ fojú inú wo akèrègbè tó kún fómi, tó ní ihò tíntín nídìí, tí ẹnikẹ́ni kò sì bu omi kún un mọ́. Bí a bá mọ iye tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí a mọ bó ṣe ń jò, tí a sì wọn èyí tó kù, a ó mọ ìgbà tí wọ́n bu omi sí i gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni èédú inú ààrò àtijọ́ ṣe rí. Willard Libby, ọmọ Amẹ́ríkà, ló rí ọ̀nà yìí lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísìrì ní 1960, ọdún kan náà tí Diop wálé.

Iṣẹ́ náà gba sùúrù. A ó fọ èédú tàbí egungun náà mọ́ kí gbòǹgbò tuntun tàbí ẹrẹ̀ má bàa tàn wá jẹ. A ó sun ún, a ó gba èéfín rẹ̀, a ó gbé e sínú ẹ̀rọ tó ń ka átọ́ọ̀mù tó ń tú ká. Òjé nípọn ni wọ́n ń fi yí ẹ̀rọ náà ká kí ìtànṣán ojú ọ̀run má bàa da ìkà rú. Ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ mọ físíìsì, ó gbọ́dọ̀ mọ kẹ́mísìrì, ó gbọ́dọ̀ mọ ìṣirò.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, nọ́mbà kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ yóò sọ. Ó lè sọ ìgbà tí igi tó di èédú yìí kú. Kò lè sọ bóyá alágbẹ̀dẹ ló fi í yọ́ irin, tàbí ìyá kan ló fi í se oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, tàbí ogun ló sun ilé náà. Awalẹ̀pìtàn tó rí ibi tí èédú wà ló lè sọ ọ́, pẹ̀lú àgbà tó gbọ́ ìtàn lẹ́nu baba rẹ̀. Àgbà ní tirẹ̀ lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti orúkọ àwọn tó ṣe é, ṣùgbọ́n bí ìtàn bá ti pẹ́, iye ọdún a máa sọnù nínú rẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìgbà tí méjèèjì bá ran ara wọn lọ́wọ́ ni oúnjẹ ń délẹ̀.

Ìpàdé Káírò

Ọdún 1974 ni ayé rí ohun tí ìsopọ̀ yìí lè ṣe. Àjọ UNESCO tó ń ṣètò ìwé ńlá lórí ìtàn gbogbo Áfíríkà pe àwọn onímọ̀ Íjíbítì láti oríṣìíríṣìí ilẹ̀ jọ sí Káírò, láti ọjọ́ 28 oṣù Kìíní sí ọjọ́ 3 oṣù Kejì. Diop lọ pẹ̀lú Théophile Obenga, ọmọ ilẹ̀ Kóńgò. Diop mú ọ̀rọ̀ awọ ara òkú àtijọ́ wá, bí a ṣe lè fi ẹ̀rọ wo ohun tó ń mú awọ dúdú nínú rẹ̀. Ó mú ọ̀rọ̀ èdè wá, ó mú àwòrán ara ògiri wá, ó sì mú ohun tí àwọn arìnrìn-àjò Gíríìkì kọ sílẹ̀ wá. Gbogbo ènìyàn kò gbà fún un, ìjiyàn náà sì le. Ṣùgbọ́n ìròyìn ìpàdé náà sọ ọ́ kedere pé àwọn méjèèjì ti múra sílẹ̀ ju àwọn tó ń ta kò wọ́n lọ.

Èdè abínibí lè gbé sáyẹ́ǹsì

Ohun tó wù mí jù nínú ayé Diop kò sí ní Káírò. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé sáyẹ́ǹsì kò ní ta gbòǹgbò ní Áfíríkà bí a kò bá lè fi èdè ìyá wa sọ ọ́. Kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sẹ́nu. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1954, ó ti túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ ìṣirò àti físíìsì sí Wolof. Ní 1975, ó tẹ iṣẹ́ kan jáde ní IFAN níbi tó ti fi Wolof ṣàlàyé ìṣirò gíga, kẹ́mísìrì inú átọ́ọ̀mù, àti èrò Einstein lórí àkókò àti àyè. Àwọn tó ń sọ pé èdè Áfíríkà kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kò rí ọ̀rọ̀ sọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí tilẹ̀ kó o sí ìjọ̀ngbọ̀n. Ẹgbẹ́ òṣèlú tó dá sílẹ̀ ní 1976 ní ìwé ìròyìn kan tó ń jẹ́ Siggi, tó túmọ̀ sí kí ènìyàn gbé orí sókè. Ààrẹ Senghor, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ èdè, fi dandan lé e pé g kan ṣoṣo ni kó wà níbẹ̀. Diop gbà pé g méjì ni ahọ́n àwọn Wolof ń pè. Ọ̀rọ̀ náà di ọ̀ràn òfin, ìwé ìròyìn náà sì padà jáde lórúkọ mìíràn, Taxaw. Àwọn kan fi í ṣe ẹ̀rín. Èmi tí mo ti jókòó sí kíláàsì ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà èdè wa, tí mo ti rí àgbàlagbà tó ń jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú lórí àmì ohùn kan ṣoṣo, n kò lè fi í ṣẹ̀rín. Ẹni tó bá ń jà fún lẹ́tà kan nínú èdè rẹ̀ ti mọ̀ pé ohun ìní ni.

Ẹ wo tiwa náà. Nígbà tí a bá ní márùndínláàádọ́ta, ìyọkúrò ni a ń ṣe lẹ́nu: àádọ́ta, kí a yọ márùn-ún. Nígbà tí a bá ní ọgọ́ta, ogún mẹ́ta ni. Ọmọ tó ń sọ̀rọ̀ báyìí látọmọdé ti ń ṣírò kó tó mọ̀ pé ìṣirò ni. Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí babaláwo ń jù sílẹ̀. Èso mẹ́jọ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kó dojú dé. Ẹ sọ fún ọmọ ọ̀nà C kó ṣírò iye ọ̀nà tó lè gbà balẹ̀: 256 ni yóò rí. Ẹ wá bi babaláwo ní iye odù Ifá: mẹ́rìndínlógún ní ọ̀nà mẹ́rìndínlógún, 256 náà ni. Irú ìkà méjì yìí, ṣíṣí àti dídé, ni kọ̀ǹpútà ń fi ṣiṣẹ́. N kò sọ pé Ifá ni kọ̀ǹpútà o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ tó bá gbọ́ èyí ní kíláàsì kò ní rò mọ́ pé àlejò ni ìṣirò nílé bàbá òun.

Òṣèlú, agbára odò, àti ikú rẹ̀

Diop ṣe òṣèlú, kò sì dùn fún un. Ní 1962 wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n ní Diourbel fún bí oṣù kan. Wọ́n tú ẹgbẹ́ tó kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ká. Kò gba ipò mínísítà rárá títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n ìwé kan tó kọ ní 1960 lórí bí Áfíríkà ṣe lè di ìjọba kan ṣoṣo wúlò fún wa níbí. Nínú rẹ̀, ó ka agbára tó wà nílẹ̀ wa lọ́kọ̀ọ̀kan bí olówó ṣe ń ka owó rẹ̀: omi odò, pàápàá Inga lórí odò Kóńgò, oòrùn, afẹ́fẹ́. Ó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè pa owó àti ọgbọ́n pọ̀ láti lò wọ́n, torí odò kò mọ ààlà tí Òyìnbó fà. Ní 1968, Tógò àti Bẹ̀nẹ̀, tó ń jẹ́ Dahomey nígbà náà, dá CEB sílẹ̀ láti jọ máa wá iná mànàmáná. Ìsédò Nangbéto jáde láti inú irú àjọṣe yìí. Àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà lè wò ó bí símẹ́ńtì àti irin lásán. Ẹni tó bá ti ka Diop á rí èrò kan nínú rẹ̀.

Ọlá dé bá a, bó tilẹ̀ pẹ́. Ní 1966, níbi àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ọnà aláwọ̀ dúdú ní Dakar, wọ́n dá òun àti W.E.B. Du Bois lọ́lá gẹ́gẹ́ bí àwọn òǹkọ̀wé tó nípa jùlọ lórí èrò àwọn ènìyàn dúdú. Ní 1981, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì Dakar níkẹyìn. Ọdún kan náà ni ìwé ńlá rẹ̀ ìkẹyìn, Civilisation ou barbarie, jáde.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 1986, ikú mú un lójijì nílé rẹ̀ ní Dakar. Ẹni ọdún 62 ni. Wọ́n gbé e padà sí Thieytou, wọ́n sin ín sí ẹ̀gbẹ́ bàbá bàbá rẹ̀. Ẹni tó ti mọ inú átọ́ọ̀mù, ilẹ̀ baba rẹ̀ ló sùn sí. Ní 1987, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yunifásítì Dakar, ilé tí kò gbà á láyè láti kọ́ni fún ọdún tó lé ní ogún. Ọdún yẹn gan-an ni omi kún ẹ̀yìn ìsédò tiwa.

Èyí tó kù sọ́wọ́ wa

N kò kọ ìtàn yìí kí a lè pàtẹ́wọ́ fún Sẹ̀nẹ̀gàl. Àwọn àgbà tó mọ ojú ilẹ̀ tí omi bò ń dín lọ lọ́dọọdún. Àwọn ọmọ tó ṣe bac lẹ́yìn ìsédò ti di òbí. Bí àwọn àgbà yẹn bá lọ tán láìsí àkọsílẹ̀, kò sí ẹ̀rọ tó lè wọn ohun tó sọnù.

Nítorí náà mo bẹ ẹgbẹ́ wa, mo sì bẹ ẹ̀yin aláṣẹ tó ń ka ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí á mú ọmọ ọ̀nà A kan àti ọmọ ọ̀nà D kan, kí a jọ rán wọn lọ sọ́dọ̀ àgbà kan nígbà ìsinmi. Kí ọ̀kan kọ ìtàn sílẹ̀ ní èdè wa bó ṣe jáde lẹ́nu. Kí èkejì ya àwòrán ilẹ̀: ibi tí abúlé wà, ibi tí ọ̀nà oko gbà, ibi tí odò ti ń ṣàn tẹ́lẹ̀. Bí a bá kó ogún irú ìwé bẹ́ẹ̀ jọ, a ti ní ohun tí ọmọ ọmọ wa yóò bá nílẹ̀. Bákan náà, ẹ̀yin àgbẹ̀ àti apẹja, bí omi bá fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ẹ rí àpáàdì, èédú ààrò àtijọ́ tàbí ìdàrọ́ irin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kó o dànù, ẹ má sì hú u. Ẹ sàmì síbẹ̀, kí ẹ pe olùkọ́. Ìwé ìtàn ni ẹ tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn.

Sí ẹ̀yin ọmọ mi ní líísè: ẹ yan ọ̀nà tó bá wù yín, torí ìdánwò ò ní dúró dè yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bá èkejì ṣọ̀tá. Ọmọ abúlé Thieytou kò ní orí méjì. Orí kan bíi tiyín ló ní, òun ló sì lò fún méjèèjì.

Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Mono kò ní gbẹ, a kò sì ní gbàgbé orísun wa. Ọdún á yabo fún gbogbo wa. Iṣu á ta, ọmọ á mòye, àgbà á pẹ́ láyé kí wọ́n lè pìtàn fún wa. Àṣèyí ṣe àmọ́dún o.